Àfòmọ́ inú omi: Ohun tó ń pa ẹja àrọ̀ yín kó tó dọjà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ohun tí àwọn àgbà rí lórí igi kòkó àti igi obì tí wọ́n fi pa òwe yìí, òun náà ló wà nínú omi táwọn èèyàn ń sin ẹja sí lẹ́yìnkùlé wọn lóde òní. Àwọn kòkòrò kan wà tí wọn kò nílé méjì ju ara ẹja lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dàgbà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àfòmọ́ orí igi, èèyàn á gbójú sókè, á rí i, á sì fi àdá gé e. Ti inú omi yìí, ojú lásán kò rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìgbà tí ẹja bá ti ń kú léfòó ni ẹlẹ́ja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Nàìjíríà ló ń sin ẹja àrọ̀ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, kì í sì í ṣe àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá nìkan ló ń ṣe é. Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀rìwé lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, àwọn tíṣà, àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn àgbẹ̀ ló mọ táǹkì oníbúlọ́ọ̀kù tàbí tí wọ́n na tapólì sẹ́yìn ilé. Owó ìfẹ̀yìntì ẹlòmíràn wà nínú omi náà. Ẹja àrọ̀ máa ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́fà kó tó di ohun tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, oúnjẹ rẹ̀ ló sì ń gba owó jù nínú gbogbo ìnáwó. Èyí tó bá kú ní oṣù karùn-ún ti jẹ oúnjẹ oṣù márùn-ún kó tó kú.

Ohun mìíràn tó mú ká gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ni ìjà. Bí ẹja bá bẹ̀rẹ̀ sí kú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé aládùúgbò ló da nǹkan sómi, tàbí pé àwọn ará ilé ló ń ṣe ìlara. A kò sọ pé èèyàn burúkú kò sí láyé o. Ṣùgbọ́n bí májèlé bá wọ omi, tàbí tí omi fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́ pátápátá, òkú ẹja máa ń kún ojú omi ní òru ọjọ́ kan, àtèwe àtàgbà wọn. Àfòmọ́ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta lónìí, mẹ́fà lọ́la, ogún ní ọ̀tunla. Ẹni tó bá ń ka òkú ẹja rẹ̀ láràárọ̀, tó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tó rí i, yóò mọ èyí tó ń bá òun jà nínú méjèèjì, kò sì ní bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ fa wàhálà.

Kí ni ẹ ó máa wò kí ọ̀rọ̀ tó dé ibi òkú kíkà? Ohun àkọ́kọ́ ni oúnjẹ. Ẹja àrọ̀ kì í kọ oúnjẹ lásán. Bí ẹ bá fọ́n oúnjẹ sómi tí wọn kò sáré wá bí wọ́n ti máa ń ṣe, ẹ má ṣe sọ pé bóyá wọ́n ti yó. Èkejì ni pé ẹja yóò máa fi ara họ ògiri tàbí ìsàlẹ̀ táǹkì, bí ewúrẹ́ tí èkúkú ń yọ lẹ́nu ṣe ń fara họ igi. Òmíràn yóò dúró gbọnrangandan nínú omi, orí lókè, ìrù nísàlẹ̀, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Nígbà mìíràn ohun yíyọ̀ tó wà lára wọn á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara wọn á wá dà bí ẹni pé wọ́n da eérú sí i. Ẹ mú ọ̀kan jáde, kí ẹ ṣí etí rẹ̀ wò, ìyẹn ibi pupa tó fi ń mí. Bó bá ti ṣì, tí kò pupa bí ẹ̀jẹ̀ mọ́, tàbí tí nǹkan tó dà bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bò ó, nǹkan wà níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹja àrọ̀ lágbára, pé inú ẹrẹ̀ pàápàá ló ń gbé. Òótọ́ ni. Ọlọ́run fún un ní ohun èlò méjì tó fi ń mí: ó lè mí nínú omi, ó sì lè yọrí sókè wá gba afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ti dàgbà fi lè máa gbé àfòmọ́ kiri fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tí olówó rẹ̀ kò ní fura. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kì í ní ohun èlò kejì yìí títí yóò fi pé bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Etí rẹ̀ nìkan ló fi ń mí. Bí kòkòrò bá bo etí náà, ó parí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń pa ọmọ ẹja fi máa ń pàdánù ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ìyá àti bàbá ẹja náà ń jẹun nínú táǹkì kejì bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Àfòmọ́ ẹja pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja sínú kòtò ilẹ̀ mọ eṣúṣú, ojú rí ìyẹn. Iná ara ẹja náà wà, ó pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú á rí i. Trichodina wà, kòkòrò roboto kan tó ní eyín yípo bí ayùn. Ó fẹ́ràn omi tí oúnjẹ àjẹkù ti rà sí. Dactylogyrus máa ń so mọ́ etí ẹja pẹ̀lú ìwọ̀ ìdí rẹ̀. Gyrodactylus sì máa ń so mọ́ awọ ara. Èyí tí a dárúkọ gbẹ̀yìn yìí ṣòroó gbọ́ létí: kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, ọmọ tó bá sì fẹ́ bí ti lóyún ọmọ mìíràn sínú kí wọ́n tó bí i. Ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ nínú ara kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí irú wọn yóò ṣe pọ̀ tó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, èyí tí a fẹ́ dúró lé lórí lónìí ni èyí tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Fouquet ṣàpèjúwe ní ọdún 1876, tó sì fún un ní orúkọ gígùn kan: Ichthyophthirius multifiliis. Bí èèyàn bá tú orúkọ náà sí èdè wa, kò ju "iná ara ẹja, ọlọ́mọ yọyọ" lọ. Ọlọ́mọ yọyọ náà la ó máa pè é. Òun ló ń mú kí ara ẹja ní ẹyọ funfun tótòtó bí ẹni pé wọ́n bu iyọ̀ wọ́n ọn. Lára ẹja àrọ̀ tó dúdú, ó máa ń hàn dáadáa, pàápàá lára lẹbẹ.

Ìgbésí ayé rẹ̀ pín sí mẹ́ta, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣẹ́gun rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ìgbà àkọ́kọ́, abẹ́ awọ ẹja ló wà, kì í ṣe orí awọ. Ó ti wọlé lọ, awọ ẹja ti bò ó, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ìyẹn ni ẹyọ funfun tí ojú ń rí. Oògùn tí èèyàn ń dà sómi kì í sábà bá a níbẹ̀. Èyí tó bá le débi tí yóò bá a, yóò ti pa ẹja. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, bí ọjọ́ mẹ́rin sí méje ló fi ń jẹun, lẹ́yìn náà yóò já bọ́ lára ẹja. Yóò wá ibi kan lẹ̀ mọ́ nísàlẹ̀ tàbí lára ògiri, yóò sì fi ohun kan bo ara rẹ̀ bí èèpo ẹyin. Ìgbà kejì nìyẹn. Oògùn kì í wọ inú èèpo náà. Inú ibẹ̀ ni ẹyọ kan ti ń pín sí méjì, méjì ń di mẹ́rin, mẹ́rin ń di mẹ́jọ, títí ọmọ yóò fi di ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń lé ní 1,000. Ní ìgbà kẹta, èèpo yóò bẹ́, àwọn ọmọ yóò tú jáde sómi, wọn yóò máa lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja kiri. Bí wọn kò bá rí ẹja wọ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n kú.

Àárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn, nígbà tí wọn kò sí lábẹ́ awọ, tí wọn kò sì sí nínú èèpo, nìkan ni ọwọ́ èèyàn lè tẹ̀ wọ́n. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ja ti ń pàdánù owó wọn gan-an nìyí. Ẹ jẹ́ ká mú bàbá kan tó rí ẹyọ funfun lára ẹja rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ó lọ ra oògùn, ó dà á sómi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹyọ funfun ti pòórá. Bàbá dúpẹ́, ó tọ́jú ìyókù oògùn sókè àjà. Òun kò mọ̀ pé kì í ṣe oògùn ló mú ẹyọ náà kúrò. Wọ́n yó ni, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ bímọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹyọ tó padà wá lé ní ìlọ́po ìlọ́po ti àkọ́kọ́, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí kú, bàbá sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún òun.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ fojú sí omi jù ni ìgbà ọyẹ́ àti ìgbà òjò tí omi bá tutù. Ọlọ́mọ yọyọ fẹ́ràn omi tí kò gbóná jù, nǹkan bí ìwọ̀n 24 sí 26 lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru. Bí omi bá gbóná kọjá 30, púpọ̀ nínú wọn kì í lè bímọ dáadáa mọ́. Ní ìgbà ọyẹ́, omi inú táǹkì kékeré máa ń tutù lóru, á tún gbóná lọ́sàn-án, ìyípadà yìí sì máa ń rẹ ẹja fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ń rẹ̀ ni àìsàn ń gùn.

Wàyí o, kí ni ṣíṣe? Oògùn tó rọrùn jù, tó sì wà ní gbogbo ilé ìdáná, ni iyọ̀. Kì í ṣe pé ẹ ó kàn bu ìkúnwọ́ iyọ̀ sómi bí ẹni tó ń se ọbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ iye omi yín kí ẹ tó mọ iye iyọ̀. Ẹ wọn gígùn táǹkì, fífẹ̀ rẹ̀ àti jíjìn omi inú rẹ̀ (omi ni o, kì í ṣe gíga ògiri) ní ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ mọ́ra wọn, kí ẹ wá fi 28 sọ èyí tí ẹ rí di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni iye lítà omi yín. Bí àpẹẹrẹ, táǹkì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó fẹ̀ ní 6, tí omi rẹ̀ sì jìn ní 3, gba ẹsẹ̀ bàtà 180 lọ́nà mẹ́ta. Ẹ fi 28 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di nǹkan bíi lítà 5,000. Gíráàmù 2 fún lítà kan ni ìwọ̀n tí ẹja àrọ̀ lè máa gbé nínú rẹ̀ láìséwu. Nítorí náà iyọ̀ kílò 10 ni táǹkì yìí yóò gbà. Ẹ kọ́kọ́ po iyọ̀ náà nínú garawa, kí ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀ yí táǹkì ká. Ẹ má ṣe da iyọ̀ gbígbẹ lé ẹja lórí, á bó wọn lára.

Iyọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kókó ibẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó bá ń tú jáde nínú èèpo lónìí yóò bá iyọ̀, àwọn tó bá tú jáde lọ́la náà yóò bá a, títí dé orí èyí tó já bọ́ gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá pààrọ̀ ìdajì omi, iyọ̀ tó bá omi lọ ni kí ẹ dá padà, kí ẹ má ṣe tún kílò 10 dà sí i. Ó dára kí ẹ máa gbá ìsàlẹ̀ táǹkì, kí ẹ sì máa tú omi ìsàlẹ̀ jáde lójoojúmọ́ ní àsìkò yìí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn eléèpo wà. Ẹ̀kún garawa ẹrẹ̀ kan lè kó ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ kòkòrò jáde. Ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ yìí kò gbọdọ̀ ṣàn lọ sídìí ẹ̀fọ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ o. Ẹni tó fi omi ẹja bomi rin oko ewédú rẹ̀ látọdún mọ́dún, kó dáwọ́ rẹ̀ dúró títí omi yóò fi mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kòtò ńlá inú ilẹ̀, iyọ̀ kò lè ràn yín lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, torí àpò iyọ̀ tí yóò gbà á kọjá agbára. Oògùn elésè àlùkò tí wọ́n ń pè ní pọ̀tásíọ̀mù pamáńgánéètì ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń lò níbẹ̀, gíráàmù 2 fún lítà 1,000. Bí ẹ bá dà á tí àwọ̀ rẹ̀ yára di ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ẹrẹ̀, ìdọ̀tí inú omi ló ti jẹ ẹ́ kó tó kan kòkòrò. Fọ́málìn náà wà, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú. Ó ń pa àfòmọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba afẹ́fẹ́ inú omi, ó ń ta ojú àti imú ẹni tó ń dà á, a kò sì ní sọ ìwọ̀n rẹ̀ níhìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó pe dókítà ẹran tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn kó wá dúró tì í. Ẹ má sì ṣe po oògùn méjì pọ̀.

Ohun kan wà tó ń bí wa nínú, a ó sì sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Àwọn kan, bí ẹja bá ti ń kú, tẹtirasáíkílìn tí wọ́n ń tà nínú páálí ni wọ́n ń tú sómi. Oògùn yẹn kò pa àfòmọ́. Kòkòrò bakitéríà ni wọ́n ṣe é fún, kò sì mọ ọ̀nà ilé ọlọ́mọ yọyọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kọ́ àwọn bakitéríà inú omi bí wọn yóò ṣe máa fara da oògùn, ẹja á sì gbé díẹ̀ nínú oògùn náà dé inú ìkòkò ọbẹ̀ yín. Aró aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní málákáìtì náà ń bẹ tí àwọn kan ń tà lábẹ́lẹ̀ fún ẹlẹ́ja. Ó ń pa ọlọ́mọ yọyọ, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹja jíjẹ, nítorí ohun tó lè ṣe sí ara èèyàn. Ẹja tí àwọn ọmọ yín yóò jẹ ni ẹ ń sìn.

Gbogbo èyí tí a ti ń sọ bọ̀, ìwòsàn ni. Ìdènà ló kù, òun ló sì sàn jù. Ibo gan-an ni àfòmọ́ ń gbà dé inú táǹkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ, tó jẹ́ pé omi bọ́hòólù ló wà nínú rẹ̀? Kì í bọ́ láti ojú ọ̀run. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú jẹ́ríkéènì tí wọ́n fi gbé ọmọ ẹja wálé ló ti ń wọlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Norway lè ṣe wá láǹfààní. Ní ọdún 1975, wọ́n rí Gyrodactylus, ìyẹn kòkòrò tó ń lóyún sínú oyún, lára ẹja sámọ́ńnì wọn. Ọmọ ẹja tí wọ́n kó wá láti agbègbè Òkun Baltic ló gbé e wọ ilẹ̀ wọn. Ẹja ọ̀hún lọ́hùn-ún ti mọ kòkòrò náà lára, kò pa á. Ti Norway kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ràn dé nǹkan bí àádọ́ta odò. Nígbà tí ọ̀ràn dójú ẹ̀, ìjọba wọn ní láti da oògùn tí wọ́n ń yọ lára gbòǹgbò igi, irú èyí tí àwọn apẹja àtijọ́ fi ń pa ẹja lódò, sínú odò lódindi kan, kí wọ́n pa gbogbo ẹja ibẹ̀ kí kòkòrò lè bá wọn kú, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba olówó ni o. Táwa tí a ní táǹkì méjì ńkọ́?

Nítorí náà, ẹni tó bá ra ọmọ ẹja, kó má ṣe kó o pọ̀ mọ́ ti ilé ní ọjọ́ náà. Ẹ wá ọpọ́n ńlá tàbí táǹkì oníke kan tó jìnnà díẹ̀ sí àwọn tó kù. Ẹ má ṣe da omi ẹni tó tà á fún yín sínú rẹ̀. Omi tiyín ni kí ẹ máa bù díẹ̀díẹ̀ sínú jẹ́ríkéènì náà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ara ọmọ ẹja lè mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ fi àwọ̀n kó wọn jáde, kí ẹ sì da omi ti tẹ́lẹ̀ nù sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Kí wọ́n tó wọ ọpọ́n, ẹ lè fi iyọ̀ wẹ̀ wọ́n: iyọ̀ gíráàmù 200 nínú omi lítà 20, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ dúró tì wọ́n, ẹ má ṣe yà sílé lọ jẹun. Ọmọ ẹja tó bá dojú dé, ẹ yára kó wọn padà sínú omi tí kò níyọ̀.

Ọjọ́ 21 ni kí wọ́n lò níbẹ̀. Ó gùn, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìṣirò ọjọ́ mẹ́rin sí méje yẹn: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ọlọ́mọ yọyọ bá wà lára ẹyọ ẹja kan ṣoṣo, yóò ti bímọ, ọmọ rẹ̀ yóò ti bímọ, kò ní lè fara pamọ́ mọ́. Ìgbà yẹn, inú ọpọ́n kan lẹ ó ti bá a jà, kì í ṣe nínú gbogbo oko ẹja. Ọpọ́n yìí gbọ́dọ̀ ní àwọ̀n tirẹ̀ àti garawa tirẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ́ ẹja, ọ̀dọ̀ àwọn ti ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ wá fi àwọn àlejò ṣe àṣekẹ́yìn, kí ẹ sì fọwọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń ya ẹja sọ́tọ̀ tí wọn kì í ya àwọ̀n sọ́tọ̀. Àwọ̀n tútù kan náà tí ọmọ yín fi bu ẹja níhìn-ín tó sì tún fi bu tọ̀hún ti tú gbogbo iṣẹ́ náà ká. Bí ẹ bá lo àwọ̀n tán, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ fọ́nfọ́n. Àfòmọ́ inú omi kò lè fara da ìgbẹ.

Kì í ṣe àwa nìkan la wà nínú ọ̀ràn yìí. Nílùú òyìnbó, àwọn kan wà tí wọ́n ń sin ẹja òkun sínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀ wọn, kì í ṣe fún jíjẹ, fún ìran wíwò ni. Tiwọn náà ní Cryptocaryon, tó jọ ọlọ́mọ yọyọ bí ìbejì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí wọn jìn síra. Nítorí pé eléèpo tiwọn lè pẹ́ púpọ̀ kó tó bẹ́, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń kó gbogbo ẹja kúrò nínú àpótí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí kòkòrò má lè rí ẹni wọ̀. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé bí àwa ṣe ń fi iyọ̀ wẹ ẹja omi tútù, omi tí kò níyọ̀ rárá ni àwọn fi ń wẹ ẹja òkun láti já àwọn àfòmọ́ kan bọ́ lára rẹ̀. Omi tí kòkòrò kò bí mọ́ra ni oògùn rẹ̀.

Ìgbẹ yìí kan náà ló dára fún táǹkì yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ẹja tà. Ẹ gbọn omi rẹ̀ tán, ẹ fọ ògiri, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó kó ọmọ ẹja mìíràn sí i. Ti inú ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ títí ilẹ̀ yóò fi sán, kí ẹ sì fọ́n ẹfun oníyẹ̀fun tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní láìmù sí i, pàápàá ibi tí omi kò ti tán. Ẹ fi aṣọ bo imú, kí ẹ má sì fi ọwọ́ òfìfo fọ́n ọn.

Ẹ tún wo àwọn ìṣáwùrú inú kòtò ẹja. Àwọn aràn kan wà tí wọ́n ń ti inú ìṣáwùrú bọ́ sára ẹja, láti ara ẹja bọ́ sínú ẹyẹ apẹja, tí ẹyẹ á tún wá yàgbẹ́ ẹyin wọn sómi. Oògùn inú omi kò ká ìyẹn. Kíkó ìṣáwùrú kúrò, gbígé koríko etí omi àti títa àwọ̀n bo ojú táǹkì ló ń já okùn náà. Irú ìṣáwùrú kan náà wà lára àwọn tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá fún èèyàn. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wọ kòtò tó ní ìṣáwùrú, kó wọ bàtà onírọ́bà gígùn. Ọmọdé tó bá sì ń tọ ẹ̀jẹ̀ nínú ilé ẹlẹ́ja, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, oògùn rẹ̀ wà.

Àwọn ìyàwó ilé yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja tó ní àfòmọ́ ṣeé jẹ. Ọlọ́mọ yọyọ kò lè gbé lára èèyàn. Àwọn aràn inú ẹja, iná tó jinná dáadáa ń pa wọ́n, yálà ẹ sè é tàbí ẹ yan án. Ẹja tí wọ́n bá òkú rẹ̀ lórí omi ni kí ẹ má jẹ, kí ẹ má sì tà; ẹ gbẹ́lẹ̀ kí ẹ sin ín jìnnà sí omi. Àwọn kan ń gé e fún ẹja yòókù jẹ pé kí ó má baà ṣòfò. Àìsàn ni wọ́n ń fi bọ́ wọn.

Bí gbogbo èyí bá sì kọjá agbára yín, ẹ gbé ẹja lọ fún àwọn tó ní máíkírósíkópù, awò tó ń sọ ohun kínkínní di ńlá. Fásitì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja, bẹ́ẹ̀ náà ni Fásitì Iṣẹ́ Ọ̀gbìn tó wà l'Abẹ́òkúta, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí ohun inú òkun sì wà l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé òkú ẹja tó ti dúró sílé di ọ̀sán lọ bá wọn. Bí ẹja bá ti kú, púpọ̀ nínú àwọn àfòmọ́ ara rẹ̀ á ti fi í sílẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, awò kò sì ní rí nǹkan kan. Ẹja mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń ṣàìsàn ṣùgbọ́n tó ṣì wà láàyè ni kí ẹ mú, nínú omi táǹkì wọn, kí ẹ má kún un dẹ́nu. Ẹ tún bu omi lítà kan sọ́tọ̀ nínú ike tó mọ́. Ẹ jí gbéra kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ ń kọ iye òkú ẹja sí dání, torí ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi yín ni ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti ra ọmọ ẹja.